Fọ́tò tí Àǹtí Oyíza Ò Sí Nínú Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ pé mo ti fẹ̀yìntì. Mi ò tíì pé ogójì ọdún, irùngbọ̀n mi ò sì tíì ní funfun kankan. Iṣẹ́ tí mo kọ́, tí mo fi jẹun, tí mo fi fẹ́yàwó, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ̀yìntì, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Fọ́tò ni mo ń yà. Ìgbà tí a ṣì ń ki fíìmù sínú kámẹ́rà ni mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé di ayàwòrán tán ni mo kógbá wọlé. Lónìí, ọkọ̀ akérò ni mo ń wà láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́, torí àwọn náà ń wá èyí tí wọn yóò kọ́. Ọdún kẹta girama ni mo kàwé dé, nítorí náà ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe.

Fọ́tò tí mo yà pọ̀ ju irun orí mi lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú nínú wọn. Fọ́tò náà dára, ojú gbogbo wọn mọ́ kedere, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó lé obìnrin kan kúrò nílé tó ti ń gbé láti kékeré.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ẹ̀gbọ́n màmá mi mú mi wá sí Àkúrẹ́, ó fà mí lé Ọ̀gá Dáúdà lọ́wọ́ ní Ìsìkàn. Ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ ò gùn: wọ́n gbé mínírà sílẹ̀, wọ́n gbàdúrà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gá Dáúdà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Àmọ́ tó bá pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Mo rò pé kámẹ́rà ló máa gbé lé mi lọ́wọ́. Bẹ́ǹṣì ìta ló ní kí n lọ jókòó sí.

"Uṣẹ́ rẹ nìyẹn," ló wí. Àwọn ará Àkúrẹ́ ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, wọ́n ń pe ilé ní ulé. "Máa kí àwọn tó ń kọjá. Ẹni tí kò mọ ènìyàn, kí ló fẹ́ yà?"

Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, Ọ̀gá á bi àwa ọmọ iṣẹ́ láti inú ilé: "Ọmọ ulé ta nìyẹn?" Tí a bá ní a ò mọ̀, ó di dandan ká sá tẹ̀ lé onítọ̀hún lọ béèrè. Ọjọ́ tó kàn mí, obìnrin kan tó ru agbada ẹ̀pà ni mo sá tẹ̀ lé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ilé ta ni yín?"

Ó dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ fẹ́ mi ni àbí bàbá rẹ?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ohùn Oǹdó mi ti ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Mo tún wá fún wọn ní òmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà tún kọjá, òun ló kọ́kọ́ kí mi: "Ọmọ Dáúdà, o ò tíì rí ìyàwó?" Inú mi dùn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Láti ìgbà tí mo ti dé Àkúrẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan máa pè mí ní ọmọ ẹnì kan níbẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá wá gbà wá láyè láti fọwọ́ kan kámẹ́rà, òfin kan ló fi lélẹ̀ tí kò ṣe é rú. Tí o bá to ènìyàn tán, kó o tó tẹ̀ ẹ́, o gbọ́dọ̀ gbé ojú kúrò nínú kámẹ́rà, kó o sì béèrè sókè pé, "Ta ló kù?" O ò ní béèrè lẹ́ẹ̀kan o. Wàá máa béèrè títí ẹnì kan nínú wọn á fi dáhùn pé, "A ti pé."

"Fọ́tò yìí," Ọ̀gá á ní, "ọmọ tí wọn ò tíì bí ló máa wò ó. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ní kò wáyé rí."

Ẹnì kan nínú wa gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé rù ú, ó ní kó dúró sínú oòrùn títí òun yóò fi kírun Àsárì dé. Àdúrà Ọ̀gá sì máa ń gùn. Mo fi ẹlẹ́gbẹ́ mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí ikùn fi ń dùn mí. Ká ní mo mọ̀ ni.

Mo wá di àgbà ọmọ iṣẹ́. Ó ku díẹ̀ kí n gba fírídọ̀mù, ni iṣẹ́ kan wá láti Oǹdó, ìlú mi. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣòwò kòkó, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Kòkó, fẹ́ kí wọ́n wá ya ìdílé òun lẹ́yìn ọdún tuntun, kí àwọn ọmọ tó padà sí Èkó. Ẹ̀yìn ń dun Ọ̀gá, ló bá ní kí n nìkan lọ. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn kọjá lójú àwọn tó mọ̀ mí nílé bí ẹni ń gbé adé lọ.

Agboolé náà kún. Mo gbé Bàbá sáàárín, àwọn ọmọkùnrin lọ́tùn-ún lósì, mo wá gbé ohùn sókè: "Ọmọ ilé, ẹ bọ́ síwájú! Ìyàwó ilé, ẹ tẹ̀ lé ọkọ yín!" Ẹsẹ̀ ń wọ́ tìtì, wọ́n ń to ara wọn. Bọ̀dá Adé, àkọ́bí Bàbá, ń ké pé ká ṣe kíá, Èkó jìnnà.

Obìnrin kan yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti nu ọwọ́, ó ti wé gèlè tuntun. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò wá. Mo rí i. Mo rò pé ẹni tó ń bá wọn dáná ni, pé ó wá wòran. Mi ò béèrè pé ta ló kù. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà yẹn mọ́.

Nígbà tí mo gbé fọ́tò náà padà wá sí Oǹdó, àwọn ará Èkó ti lọ. Bàbá fi awò sójú, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka náà dé ìgbẹ̀yìn, ó dúró.

"Oyíza dà?"

Obìnrin ilé ìdáná náà ló dáhùn. Ẹ̀rín ló fi ṣe: "Bàbá, ata ni mò ń lọ̀." Ó bu omi tútù fún mi. Mo mu ún tán, mo dúpẹ́, mo wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́. Mo rò pé ó ti tán.

Ọ̀gá Dáúdà ló sọ ẹni tí Oyíza jẹ́ fún mi nígbà tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, torí ó ti mọ ilé náà tipẹ́. Ará Ẹ̀bìrà ni bàbá rẹ̀, ó ń bá Bàbá Kòkó roko. Ó kú sóko nígbà tí Oyíza ṣì kéré, Bàbá sì mú ọmọ náà wálé. Yàtọ̀ sí Adé tó fi díẹ̀ jù ú lọ, kò sí ọmọ kan nínú ilé náà tí Oyíza ò pọ̀n. Nígbà tí ìyá ilé kú, òun ló gba ilé ìdáná àti kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ. Ilé mìíràn ò sí tó mọ̀ láyé.

"O bi wọ́n pé ta ló kù?" Ọ̀gá béèrè.

Mo jẹ́wọ́ pé mi ò bi wọ́n. Kó tó ronú ìyà tó máa fi jẹ mí, awakọ̀ kan tó ń ti Oǹdó bọ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní Oyíza ti di ẹrù rẹ̀. Obìnrin náà ní òun ń lọ sí Òkènè láti wá àwọn ènìyàn bàbá òun, àwọn tí kò mọ orúkọ wọn. Ọ̀gá gbé fìlà dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún. "Dìde," ló wí. "Ká lọ."

A bá a lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dúró de ọ̀kadà. Bàbá jókòó lórí àga rẹ̀ nítòsí, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Èmi ni mo ṣe é. Mo rí yín, mi ò pè yín."

"Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí," ó wí jẹ́jẹ́. "Ohun tó wà níbẹ̀ ni o yà. Èmi náà ti wá rí i pé ilé yìí pé láìsí mi."

Bàbá dá sí i. "Ẹ má bínú, Oyíza. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wá nǹkan tí ẹ máa jẹ lọ́nà."

Oyíza yíjú sí Ọ̀gá mi. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Bàbá tó ń fi abẹ̀bẹ̀ gbá mi lórí ló ń pè mí ní 'ẹ' báyìí. Látọjọ́ tí fọ́tò ti dé: 'Ẹ ṣeun, Oyíza. Ẹ má ṣe wàhálà, Oyíza. Ẹ jókòó.' Ṣé ọmọ ẹni là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún? Wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ lé mi lọ ni."

Ọkàn arúgbó náà ló ń dá a lẹ́bi, ìyẹn ló fi ń ṣe jẹ́jẹ́. Bó ṣe ń ṣe jẹ́jẹ́ sí i ni obìnrin náà ń di àlejò. Ọ̀gá Dáúdà ló kọ́kọ́ rí i. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ fún Bàbá pé:

"Bàbá, ẹ bá a jà."

"Kí ni mo gbọ́ yìí?"

"Ẹ bá a jà, sà. A kì í bá àlejò jà."

Bàbá yíjú sí Oyíza. Ó wo àpótí. Ó tún un wò.

"Oyíza!" Ohùn tó jáde, àwọn adìyẹ sá. "Àpótí ta lo kó aṣọ sí? Ṣé kì í ṣe àpótí tí mo rà nígbà tí a bí Adé nìyẹn? Ọwọ́ ta lo ti tọrọ rẹ̀? Ọbẹ̀ tó o sì sè sílẹ̀ lánàá, iyọ̀ rẹ̀ dà? Àbí Òkènè lo fẹ́ kó iyọ̀ náà lọ?"

"Iyọ̀!" Oyíza fò dìde. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní dókítà ní kí ẹ dín in kù! Ẹ ti gbàgbé? Ẹ gbàgbé iyọ̀, ẹ gbàgbé oògùn, ẹ ń wá awò tó wà lójú yín!"

"Kí ni mo tún gbàgbé?"

"Èmi!"

Omijé bọ́ lójú obìnrin náà, ó fi etí ìró nù ún. Bàbá rọra na ọ̀pá sí mi.

"Èmi ò gbàgbé rẹ. Ọmọ Àkúrẹ́ tí orí rẹ̀ gún bí ìdí abẹ́rẹ́ yìí ni kò mọ̀ ọ́."

"Ẹ dákun, Bàbá," ni Ọ̀gá Dáúdà wí, "ọmọ Oǹdó ni o. Ẹ má gbé e kọ́ Àkúrẹ́ lọ́rùn."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Oyíza, ó ṣì ń sunkún lọ́wọ́. Ọ̀kadà dé, Oyíza lé e padà. Ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Ilé ni mo padà sí o. Ti fọ́tò, mi ò yà á mọ́ láéláé." Bàbá náà kọ ojú fọ́tò mi sí ògiri. Ó ní òun ò ní jókòó níwájú kámẹ́rà kankan tí Oyíza ò bá jókòó.

Àwọn méjèèjì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn. Mo gba fírídọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo ń lọ kí wọn lọ́dọọdún, àmọ́ n kì í gbé kámẹ́rà lọ.

Irinṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú wa. Kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù dé. Ọ̀gá Dáúdà yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà fún ẹni tó ń tà á. "Kámẹ́rà tó ń fi fọ́tò hàn ọ́ kó tó di fọ́tò," ló wí, "ìkánjú ni wọ́n fi ṣe é." Èmi ra tèmi, mo sì jẹun nídìí rẹ̀. Nígbà tó yá, fóònù gba ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ń wá ya pásípọ́ọ̀tù nìkan ló kù, àwọn náà sì wá dín kù. Àwọn tó bá yà sọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, bẹ́ǹṣì ìta ni wọ́n ń wá jókòó sí, kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mi ò lé wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, mi ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ báyìí ló dára. Irinṣẹ́ á máa yí padà, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ẹ ó jọ máa jókòó nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ wo ọ̀gá tó máa kọ́ yín bí a ti ń kí ènìyàn, àti àdúgbò tí wọ́n á ti béèrè yín tí ẹ ò bá jáde. Ènìyàn lè pàdánù iṣẹ́ kó má pàdánù àwọn yẹn. Ṣọ́ọ̀bù mi ti di ti aránṣọ báyìí, àwọn ará Ìsìkàn ò tíì yé pè mí ní Ọmọ Dáúdà.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn nìyí. Mo ti pinnu láti ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Bọ̀dá Adé pè mí lórí fóònù. "Bàbá ń darúgbó lọ," ó wí, "a ò ní fọ́tò kan tó ní gbogbo wa nínú. Wọ́n ní àfi tí Oyíza bá jókòó. Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni kó o wá tún un ṣe."

Nígbà tí mo dé Oǹdó, mi ò to ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ. Àǹtí Oyíza ń ṣa ẹ̀wà.

"Àǹtí, mo fẹ́ fi iṣẹ́ fọ́tò sílẹ̀. Ẹ̀yin ni ìkẹyìn."

"Kí lo wá fẹ́ máa ṣe?"

"Ọkọ̀ ni màá máa wà."

"Ìwọ tí o ò rí èmi tí mo dúró gbọnrangandan? Kí Ọlọ́run gba àwọn èrò." Ó gbọn ìyàngbò ẹ̀wà dànù. "Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Tí mo bá wá, ibo ni kí n dúró sí? Ọmọ ilé ni mí ni àbí ìyàwó ilé? Sọ ọ́, màá dìde báyìí."

Mo gbé ìbéèrè náà lọ síwájú ilé, níbi tí gbogbo wọn pé sí, mo sì bi Bàbá. Bọ̀dá Adé ní kí Àǹtí kúkú dúró lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyàwó. Àwọn ìyàwó wo ara wọn. Bàbá gbé orí sókè. Ohùn rẹ̀ ti kéré, àmọ́ gbogbo wọn gbọ́.

"Ẹ̀yin ìyàwó mi. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, kí ló ń pè é?"

Bàbá na ọ̀pá sí wọn.

"Ọmọ Adé tí ikun wà nímú rẹ̀, 'ọkọ mi' lẹ ń pè é, ẹ ń kúnlẹ̀ kí i. Oyíza ló da omi sí yín lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wọlé yìí. Gbogbo yín lẹ bá a níbí. Kí lẹ ń pè é?"

Ìyàwó tó kéré jù, olùkọ́ kan tó ń gbé ní Ìlárá-Mọ̀kín, fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọmọ tó gbé dání, ó gbé àga kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. A gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀: "Ọkọ mi, ẹ dákun, a ti ń dúró dè yín." Àwọn ìyàwó tó kù dìde tẹ̀ lé e. Èyí tó jẹ́ ìyàwó Adé ló kẹ́yìn, àmọ́ òun náà lọ, òun náà kúnlẹ̀.

Wọ́n mú un wá. Ó jókòó sétí àga, bí èrò tó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa ní kó bọ́ọ́lẹ̀. Mo béèrè sókè pé ta ló kù, wọ́n ní àwọn ti pé. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo ń dúró kó fara balẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí i pé fìlà Adé wọ́.

"Adé, tún fìlà rẹ ṣe. Ìwọ, gbé ọmọ yẹn sókè, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wá ojú rẹ̀ ni? Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ fún mọ́ra, ibí yìí ò fẹ̀ tó Èkó!" Àwọn ọkùnrin ńláńlá tó ní mọ́tò níta ń sún bí ọmọ iléèwé. Ó wá kan èmi. "Ìwọ náà, sún sẹ́yìn! Orí Bàbá ò ní wọlé síbẹ̀ yẹn!"

Mo sún sẹ́yìn, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo wò ó, gbogbo wọn ń wo kámẹ́rà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Àǹtí Oyíza nìkan ló la ẹnu sílẹ̀, tó na ìka sí mi, tó ń bá mi wí. Bàbá yíjú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ẹnu tí kò léyín rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún òmíràn yà, èyí tí gbogbo wọn á ti jókòó dáadáa.

Bàbá gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́.

"Má tún un yà," ó wí. "Bó ṣe máa ń rí nílé wa nìyí."